Ẹ̀rí Ọjọ́ Orí

Wọ́n gbé àga sínú ṣọ́ọ̀ṣì Wẹ́nmíà, ní ààlà ilẹ̀ Wéèsì,
wọ́n ní kí n jókòó, kí n má sọ̀rọ̀.
Yìnyín ṣì wà létí fèrèsé.
Ọjọ́ orí mi ni ilé ẹjọ́ fẹ́ mọ̀,
èmi tí mo ni orí kò gbọdọ̀ dá sí i.

Wárínì, àbúrò bàbá mi, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.
Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta:
mẹ́tàlá lọ́dún tó gé àwọn igi óákù etí odò,
mẹ́tàlá lọ́dún tó ta ẹṣin bàbá mi,
mẹ́tàlá náà ni lánàá, tó mú ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá sílé jáde,
ó ní, "Ọkọ rẹ rèé, nígbà tí o bá dàgbà."
Ọmọ náà wo bàtà mi, kò wo ojú mi.
Bí ọmọ bá dàgbà, alágbàtọ́ a palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.
Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dàgbà.

Òfin ní kí ọkùnrin méjìlá wá búra
pé àwọn rántí ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

Gámẹ́lì tó ń lọ ọkà ló kọ́kọ́ dìde.
Ó ní ọjọ́ náà ni ọlọ gé ìka òun,
ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè: ìka mẹ́rin, àti àyè.
Tọ́sítánì ní ọjọ́ náà ni òun sin ọmọkùnrin òun,
agogo òkú ò tíì dákẹ́ tí wọ́n fi lu agogo ìsàmì mi.
Àbà ẹnìkan jó.
Ẹnìkan mutí yó, ó já bọ́ lórí ẹṣin,
ó rìn síwá sẹ́yìn kí adájọ́ lè rí i bó ṣe ń tiro.
Ẹni kẹsàn-án kàn ń sunkún ni, kò sọ ohun tó sọnù.
Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ó rántí.

Mo jókòó, mo ń gbọ́ ìtàn ara mi,
n kò sí nínú rẹ̀.
Ìka ló wà níbẹ̀, iná, pósí kékeré.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá mi
tó kú kílẹ̀ tó mọ́.

Gúnílídà agbẹ̀bí dúró sóde nínú òtútù,
ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.
Ọwọ́ yẹn ló gbà mí,
ọwọ́ yẹn ló pa ojú ìyá mi dé.
Òfin ò gba ẹ̀rí obìnrin.

Adájọ́ lu tábìlì. Ó ní mo ti dàgbà.
Wárínì ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni ju eegun sájá.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un.
Mo ṣí àká, eku ló kí mi káàbọ̀.
Mo ṣí àpótí, àmì ìdí ife fàdákà ló kù nínú eruku.
Ilẹ̀ ṣì wà ṣá. Ilẹ̀ ò ṣeé dì sápò.

Lálẹ́, mo gbé búrẹ́dì lọ bá Gúnílídà.
"Ìyá, ṣé òótọ́ ni? Ìka, àbà, agogo?"
Ó fẹ́ iná. Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Ìka Gámẹ́lì ti gé kí bàbá rẹ tó gbéyàwó.
Ṣùgbọ́n Wárínì sọ owó ọlọ di ìlọ́po méjì,
ebi sì máa ń jẹ́ kí èèyàn rántí nǹkan.
Ìgbà ìkórè lo máa pé mẹ́rìndínlógún.
Ó ku oṣù méje, ọmọ mi."

Kí oòrùn tó yọ, mo ti dá owó ọlọ padà sí ti àtijọ́.
N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Irun mi ti funfun báyìí. Àwọn ọmọ mi ń jà
lórí odò, lórí ọlọ, lórí àga tí mo ṣì jókòó lé.
Èyí àgbà wá bá mi láàárọ̀, ó rọra kúnlẹ̀,
ó ní, "Ìyá, ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó gan-an?"
Mo ní kó lọ pe ọkùnrin méjìlá wá.